Ewé àti Hóró Oògùn fún Ara Ríro: Iṣẹ́ Kan Náà, Ewu Kan Náà

Nígbà tí àkókò ebè kíkọ bá dé ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ohùn kan náà ni a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó ti oko bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́: ẹ̀yìn ń ro wọ́n, eékún ń ro wọ́n, apá kò ṣe é gbé sókè. Ìlú méjèèjì fi ara kan ara wọn ní ọ̀nà tí ó ti Òṣogbo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Olúkúlùkù ní ọba tirẹ̀, Olóbùú ní Ìlobùú, Olúfọ́n ní Ìfọ́n. Ṣùgbọ́n làkúrègbé kò mọ ààlà. Bí ó ti ń dààmú àgbà ọkùnrin tí ń kọ ebè ní ìhín, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dààmú ìyá arúgbó tí ń ru igi ìdáná bọ̀ láti oko ní ọ̀hún.

Ìtọ́jú tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe fún ara wọn kò sì ju ọ̀nà mẹ́ta lọ. Ní òwúrọ̀, kí wọ́n tó jáde, wọn a gbé hóró oògùn méjì tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì mì, lọ́pọ̀ ìgbà láìjẹun. Ní ọ̀sán, wọn a mu ife àgbo kan lọ́wọ́ ìyá alágbo. Ní alẹ́, wọn a fi ife ògógóró tí a rẹ egbò àti èèpo igi sí parí ọjọ́ náà. Bí ìrora kò bá lọ, wọn a fi òmíràn kún un, nítorí àwọn àgbà wí pé oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé.

Òwe náà dára ní ibi tí ó tọ́ sí. Ṣùgbọ́n ní ti ara ríro, ó ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rere ṣe ara wọn ní ibi. Ohun tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń mú ọkọ́ mọ̀ dájú ni pé púpọ̀ nínú àwọn ewé tí ń dẹ ìrora, àti púpọ̀ nínú àwọn hóró oògùn tí ń dẹ ìrora, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń dí nínú ara. Ẹni tí ó bá pa wọ́n pọ̀ kò rí ewé tí ó kù. Oògùn kan ṣoṣo ni ó lò ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, láìmọ ìwọ̀n rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé òǹkàwé, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú oríkèé tí ń ro. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn, ará Róòmù kan tí ń jẹ́ Celsus kọ àmì mẹ́rin sílẹ̀: ibẹ̀ a pọ́n, a wú, a gbóná, a sì máa ro. Ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ rí mọ àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹlẹ́dàá ni ó fi wíwú yìí sí ara, kí ẹ̀jẹ̀ lè sáré dé ibi tí ó fara pa, kí ó bá kòkòrò àrùn jà, kí ó sì tún ibẹ̀ ṣe. Ìgbà tí ó bá pọ̀ jù, tàbí tí ó bá kọ̀ tí kò lọ mọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rí nínú eékún tí iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ti jẹ, ni ó di àrùn.

Nínú ara ni àwọn ohun kékeré kan wà tí ojú lásán kò lè rí, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti sọ ohun kan di òmíràn. Ẹ́ńsáìmù ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Àwọn ìyá tí ń se oúnjẹ mọ iṣẹ́ wọn, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ wọn. Nígbà tí wọ́n bá fi ewé ìbẹ́pẹ tútù wé ẹran tí ó yi kí ó lè rọ̀ kíákíá, ẹ́ńsáìmù tí ó wà nínú oje ìbẹ́pẹ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà.

Èyí tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni ẹ́ńsáìmù tí ń jẹ́ cyclooxygenase. A lè fi í wé alágbẹ̀dẹ. Nígbà tí ara bá fara pa, a yọ ọ̀rá kan láti inú àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí a fi mọ ara. Ọ̀rá náà ni irin tí a gbé wá fún alágbẹ̀dẹ. Ó rọ irin náà di agogo, prostaglandin sì ni orúkọ agogo náà. Agogo yìí ni ó ń pe ẹ̀jẹ̀ wá sí ibẹ̀, tí ó ń mú un wú, tí ó sì ń mú kí ìrora pọ̀ sí i. Bí ohun kan bá dí ẹnu ọ̀nà ilé alágbẹ̀dẹ, agogo kò ní ró mọ́, ìrora a sì dẹ̀. Ìtàn oògùn ara ríro ni ìtàn bí àwọn ènìyàn ti ń dí ẹnu ọ̀nà yìí, láti ọjọ́ pípẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé ó wà.

Èèpo igi ni ó ṣáájú. Ní ọdún 1763, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Edward Stone ti ìlú Chipping Norton, kọ ìwé sí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù pé òun sá èèpo igi wílò gbẹ, òun lọ̀ ọ́ kúnná, òun sì fún àwọn ènìyàn bí 50 tí ibà ń ṣe, ó sì ṣe wọ́n ní àǹfààní. Wílò ni igi tí ẹni tí ń ka ìwé Sáàmù kò ní ṣàì mọ orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, àwọn onímọ̀ ní Jámánì, ní Faransé àti ní Ítálì yọ ohun kíkorò tí ń ṣiṣẹ́ nínú èèpo náà. Ó ń dẹ ìrora lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń ta ikùn ẹni tí ó bá mu ún. Ní ọdún 1897, Felix Hoffmann ní ilé iṣẹ́ Bayer ní Jámánì ṣe é ní ọ̀nà mìíràn kí ó lè rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ikùn. Ní ọdún 1899 ni wọ́n fún un ní orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, aspirin.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí oògùn náà fi di ti ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1918, Jacob Ṣógbóyèga Odùláté, ọmọ Ìkòròdú tí ó fi Abẹ́òkúta ṣe ibùjókòó, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe oògùn ìyẹ̀fun tí ó pè ní Alábùkún. Ọkùnrin náà pẹ̀lú a máa tẹ ìwé àlímánáàkì ní ọdọọdún, nítorí náà ó mọ bí a ti ń bá ará ìlú àti ará oko sọ̀rọ̀. Títí di òní ni a ń ta Alábùkún ní ọ̀pọ̀ ọjà ilẹ̀ yìí. Ohun tí púpọ̀ nínú àwọn tí ń lò ó kò mọ̀ ni pé aspirin ni ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú kaféènì, ohun kan náà tí ó wà nínú obì àti kọfí. A kò sọ èyí láti fi ba oògùn náà jẹ́, nítorí a kọ ọ́ sí ara àpò rẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lo ìyẹ̀fun ní òwúrọ̀, tí ó sì gbé hóró aspirin mì ní ọ̀sán, kí ó mọ̀ pé oògùn kan ni ó lò lẹ́ẹ̀mejì.

Fún ohun tí ó lé ní 70 ọdún ni gbogbo ayé fi ń gbé aspirin mì láìmọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1971, John Vane, onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, fi hàn pé iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ tí a sọ yìí ni aspirin ń dá dúró. Ní ọdún 1982, òun àti àwọn ará Sweden méjì, Sune Bergström àti Bengt Samuelsson, gba ẹ̀bùn Nobel nítorí ìmọ̀ yìí. Ibuprofen, diclofenac, naproxen àti piroxicam, tí àwọn kẹ́míìsì ń tà lójoojúmọ́, iṣẹ́ yìí kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn wọ̀nyí a máa jókòó sí ẹnu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, wọn a sì dìde. Aspirin ní tirẹ̀ a máa ti ìlẹ̀kùn pa, títí ara yóò fi yan alágbẹ̀dẹ titun.

Ní ọdún 1991 ni ó wá hàn pé alágbẹ̀dẹ méjì ni ó wà. Èkíní kì í kúrò nílé. Òun ni ó ń rọ ohun tí ń dáàbò bo awọ inú ikùn lọ́wọ́ omi kíkan tí ń da oúnjẹ. Òun ni ó ń ṣe ìrànlọ́wọ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè ṣàn dé kíndìnrín. Òun ni ó sì ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì nígbà tí a bá fi àdá ṣá ara. Èkejì ni ó ń yọjú jù lọ nígbà tí ibì kan bá fara pa, tí ó sì ń rọ agogo ìrora. Aspirin àti púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò mọ èkíní yàtọ̀ sí èkejì. Bí wọ́n ti ń di ọwọ́ ẹni tí ń fa ìrora, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń di ọwọ́ ẹni tí ń ṣọ́ ilé. Ìdí rẹ̀ nìyí tí oògùn tí a mu nítorí eékún fi ń dá ọgbẹ́ sí inú ikùn.

Àwọn onímọ̀ rò pé bí àwọn bá rí oògùn tí yóò di ọwọ́ èkejì nìkan, gbogbo wàhálà tán. Wọ́n rí i. Rofecoxib ni ọ̀kan nínú wọn, ó sì dé ọjà ní ọdún 1999. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2004, ilé iṣẹ́ Merck ní Amẹ́ríkà tí ó ṣe é fúnra rẹ̀ kó o kúrò lọ́jà ní gbogbo ayé, nítorí ó ti hàn pé ó ń mú kí àrùn ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀ pọ̀ sí i lára àwọn tí ó lò ó pẹ́. Celecoxib, ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣì wà lọ́jà pẹ̀lú ìkìlọ̀. Bí a bá dí ọ̀nà kan nínú ara, ara ni yóò san owó rẹ̀ ní ibòmíràn.

Níhìn-ín ni ẹnìkan yóò ti wí pé, kí a fi hóró oògùn sílẹ̀ fún àwọn òyìnbó, kí a padà sí ewé, nítorí ewé kò lè pa ènìyàn lára. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí a rí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yìí kan náà.

Ní ọdún 2008, àwọn oníṣègùn àti àwọn onímọ̀ egbòogi ní Ilé-Ifẹ̀ tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde nípa orógbó. Àwọn tí eékún ń ro, tí wọ́n wá gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni wọ́n bá ṣe é. Àwọn 143 ni ó bẹ̀rẹ̀, àwọn 84 ni ó bá a dé òpin, 60 nínú wọn sì jẹ́ obìnrin. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín wọn sí. Àwọn kan ń lo oògùn tí a ṣe láti inú orógbó, àwọn kan ń lo naproxen, àwọn kan ń lo celecoxib, àwọn kan sì ń lo fítámì C, èyí tí a kò retí pé kí ó dẹ ìrora, kí a lè fi àwọn yòókù wé e. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni wọ́n ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ohun tí wọ́n rí ni pé orógbó dẹ ìrora ju fítámì náà lọ, ó sì tètè ṣiṣẹ́ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò pẹ́ lára tó ti hóró oògùn méjèèjì.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú èyí. Èkíní ni pé àwọn baba wa kò tan ara wọn jẹ: agbára wà nínú orógbó fún ara ríro, a sì ti fi í wé oògùn òyìnbó ní ojúkojú. Èkejì ni pé wọ́n yọ oògùn náà, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì fún olúkúlùkù ní ìwọ̀n kan náà ní àkókò kan náà. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí kí a máa jẹ orógbó bí ó bá ti wù wá, tàbí kí a sè é pọ̀ mọ́ egbò mẹ́wàá nínú ìkòkò kan.

Orógbó nìkan kọ́. Àwọn ìwádìí inú yàrá àyẹ̀wò ti fi hàn pé ohun tí ń ta lẹ́nu nínú atalẹ̀, ohun tí ó fún atalẹ̀ pupa ní àwọ̀ rẹ̀, àti òróró olóòórùn tí ó wà nínú kànáfùrù àti nínú ẹfínrín, lè dí alágbẹ̀dẹ lọ́wọ́. Kí òǹkàwé má ṣe sọ pé oògùn ti parí níyẹn. Yàrá àyẹ̀wò yàtọ̀ sí ara ènìyàn. Ohun tí ó wà nínú atalẹ̀ pupa, fún àpẹẹrẹ, díẹ̀ kíún ni ó ń ti inú ikùn wọ ẹ̀jẹ̀. Atalẹ̀ tí a fi sí ọbẹ̀ kò ní ṣe ẹni tí ara rẹ̀ le ní ibi kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá sè é títí ó fi ki, tí a sì ń mu ún ní ife ńlá lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, ó ti kúrò ní ohun ọbẹ̀. Oògùn ni, ó sì yẹ kí a bẹ̀rù rẹ̀ bí a ti ń bẹ̀rù oògùn. Ohun tí ó bá ní agbára láti dẹ ìrora ní agbára láti ṣe ọṣẹ́. Ewé tí kò bá lè ṣe ènìyàn ní ibi rárá, bóyá ni ó lè ṣe é ní oore.

Nítorí náà kí òǹkàwé tún ro ọjọ́ kan àgbẹ̀ tí a sọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Hóró oògùn òwúrọ̀ ti dí ẹnu ọ̀nà alágbẹ̀dẹ, ikùn sì ṣófo. Àgbo ọ̀sán, bí ó bá jẹ́ àgbo tí ó lágbára lóòótọ́, ti kún un. Ó ti wà ní oòrùn láti àárọ̀, omi ti gbẹ lára rẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ sì ń wá ẹ̀jẹ̀ tí yóò fi ṣiṣẹ́, èyí tí oògùn náà ń dù ú. Ní alẹ́, ó da ògógóró sí ikùn tí kò ní olùṣọ́ mọ́. Ọtí àti aspirin jẹ́ ọ̀tá ikùn, nígbà tí wọ́n bá sì pàdé, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú rẹ̀ láìsí ìrora kan tí yóò kìlọ̀ fún un, nítorí oògùn ìrora ni ó ń mu. Àmì tí yóò kọ́kọ́ rí ni ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, tí ó ń yọ̀, tí òórùn rẹ̀ sì burú. Tàbí kí ó máa bì ohun tí ó dàbí ìyẹ̀pẹ̀ kọfí. Tàbí kí òòyì máa kọ́ ọ. Ẹni tí ó bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, kí ó má ṣe dúró di ọjọ́ kejì kí ó tó dé ilé ìwòsàn. Ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ yóò máa wí pé ẹnìkan sà sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe é.

Ewu kan wà tí ó tún burú ju èyí lọ. Àwọn kan ń dà hóró oògùn oríṣiríṣi pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré, láìsí orúkọ, wọ́n sì ń tà á fún àwọn alágbàṣe gẹ́gẹ́ bí oògùn ara ríro. Lọ́pọ̀ ìgbà prednisolone tàbí dexamethasone a máa wà nínú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò dúró de ẹnu ọ̀nà alágbẹ̀dẹ. Wọ́n ń dá irin padà lójú ọ̀nà, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Ara a fúyẹ́ kíákíá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ a kún, ènìyàn a sì rò pé òun ń sanra. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti egungun tí kò lágbára yóò tẹ̀lé e, àrùn kékeré yóò sì rí ọ̀nà wọlé. Bí a bá sì pa wọ́n pọ̀ mọ́ aspirin tàbí diclofenac, ọgbẹ́ inú a yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ti ń lò wọ́n pẹ́, kí ó má ṣe dá a dúró lójijì. Kí ó lọ sọ fún oníṣègùn, kí a lè dín in kù díẹ̀díẹ̀. Oògùn tí kò bá ní orúkọ, kò yẹ kí ó wọ ẹnu ẹnikẹ́ni.

Nínú ìjọ Ọlọ́run pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ yìí ti pín àwọn ènìyàn sí apá méjì. Àwọn kan ka gbogbo àgbo sí ohun kèfèrí, wọn a sì gbé hóró oògùn mì láìbéèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn kan gbà pé ohun tí Ọlọ́run mú hù kò lè ṣe ibi, wọn a sì mu àgbo bí omi. Àṣìṣe kan náà ni ti àwọn méjèèjì: wọ́n wo ibi tí oògùn ti wá, wọn kò wo ohun tí ó ń ṣe. Wòlíì Isaiah kò kórìíra èso igi nígbà tí ó ní kí a fi ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo Ọba Hesekiah, bẹ́ẹ̀ ni àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù kò kọ Lúùkù nítorí pé ó jẹ́ oníṣègùn. Igi tí Ọlọ́run dá ni aspirin ti wá, ewé tí Ọlọ́run dá sì lè dá kíndìnrín lágara. Ọgbọ́n tí Ó fi fún ènìyàn ni Ó fẹ́ kí a fi lo méjèèjì.

Kí a má sì di gbogbo ẹ̀bi ru àgbẹ̀ nìkan. Ní ọ̀pọ̀ ibi ìtọ́jú, bí aláìsàn bá jẹ́wọ́ pé òun mu àgbo, ẹ̀gàn àti ìbáwí ni yóò gbà. Nígbà mìíràn tí ó bá wá, yóò pa irọ́. Oníṣègùn yóò wá kọ diclofenac fún ẹni tí ó ti ní ohun mẹ́ta tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà nínú ikùn rẹ̀. Ìbínú kò wo ẹnikẹ́ni sàn rí. Nọ́ọ̀sì tí ó bá béèrè pẹ̀lú sùúrù pé, "Bàbá, kí ni ẹ ti lò láti ìjẹta, ti ilé àti ti kẹ́míìsì?" yóò gba ẹ̀mí là ju ẹni tí ń kígbe lọ. Bákan náà ni ìyá alágbo tí ó bá ń béèrè lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀ bóyá ó ti lo hóró oògùn lọ́jọ́ náà ń ṣe iṣẹ́ rere. Àwọn onímọ̀ yunifásítì pẹ̀lú jẹ àwọn ará oko ní gbèsè: ohun tí wọ́n rí nípa orógbó, ó yẹ kí a máa sọ ọ́ ní Yorùbá ní ọjà àti ní ilé ìjọsìn, kí ó má ṣe wà nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan.

Títí ìgbà náà yóò fi dé, kí olúkúlùkù ilé fi àwọn ìlànà wọ̀nyí sí ọkàn. Ọ̀kan ṣoṣo ni kí a lò: bí ó bá jẹ́ hóró oògùn, kí àgbo dúró, bí ó bá jẹ́ àgbo, kí hóró oògùn dúró. Kí a jẹun kí a tó lo aspirin tàbí èyíkéyìí nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí a sì mu omi púpọ̀. Kí a má ṣe fi ọtí sí i. Kí a má ṣe lò ó ju ọjọ́ díẹ̀ lọ láìjẹ́ pé oníṣègùn ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Kí a ka ohun tí a kọ sí ara àpò rẹ̀, kí ẹni tí kò lè kà á fún ọmọ rẹ̀ ní ilé ìwé láti bá a kà á. Àgbo inú ìgò tí ó ní nọ́ńbà NAFDAC ṣì lè ní ìkìlọ̀ lára pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí a ní ó ń wò sàn wò. Kí a ka èyíinì pẹ̀lú.

Kí a má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ní aspirin tàbí ìyẹ̀fun tí aspirin wà nínú rẹ̀, nítorí àrùn kan wà tí ó ń tipa bẹ́ẹ̀ mú ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ ọmọdé tí ibà ń ṣe. Kí aboyún má ṣe fúnra rẹ̀ lo ọ̀kankan nínú wọn, pàápàá ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn. Kí ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọgbẹ́ inú, àrùn kíndìnrín tàbí ikọ́ fée béèrè kí ó tó lò ó. Ẹni tí oníṣègùn sì ti fún ní aspirin kékeré nítorí ọkàn rẹ̀, kí ó má ṣe fi ìwé yìí dá a dúró. Kí ó sọ fún oníṣègùn náà bí ó bá ń mu àgbo. Fún ìrora kékeré, paracetamol rọrùn fún ikùn jù wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n òun pẹ̀lú ní ààlà: kí àgbàlagbà má ṣe lo ju hóró 8 tí ó jẹ́ 500 mílígíráàmù lọ láàrin wákàtí 24, nítorí àpọ̀jù rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a rántí pé agogo tí alágbẹ̀dẹ ń rọ ní ohun tí ó ń wí. Nígbà tí eékún bá ké, ìsinmi ni ó ń béèrè. Ẹni tí ó bá pa agogo náà lẹ́nu mọ́ kí ó lè kọ igba ebè sí i lọ́jọ́ kan náà ń fi eékún ọdún tí ń bọ̀ ra iṣu ọdún yìí. Ẹni tí ó bá sì gbìn orógbó sí ẹ̀bá oko rẹ̀ lónìí, kí ó mọ̀ pé ó lè tó ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó so. Igi náà kò kánjú, ó sì ń mú èso rere wá ní àkókò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ẹni tí ń wá ìwòsàn rí. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Oògùn tí kò bá jẹ́, bóyá ewé rẹ̀ pé. Ìwọ̀n ni ó kù.